Ìbéèrè Yín, Ìdáhùn Wa: Àwòrán Tútù Láti Inú Sánmà

Lẹ́tà tó wọlé láti Òṣogbo lóṣù yìí fẹ́rẹ̀ẹ́ dá lórí ohun kan náà tán: àwọn àwòrán tí ọkọ̀ sánmà ń fi ránṣẹ́ sáyé, tí NASA àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń gbé sórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó tún wọn ṣe. Àwòrán tútù la ó máa pè wọ́n níbí. Kọ̀ǹpútà àgbéléwọ́ tí kò tuntun mọ́ tó iṣẹ́ yìí ṣe. Ibi tí ọ̀pọ̀ yín ti ń há ni pé ẹ kò mọ ohun tí fáìlì tó wà níwájú yín jẹ́ gan-an: fíltà wo (gíláàsì tó ń jẹ́ kí irú ìmọ́lẹ̀ kan ṣoṣo kọjá) ni wọ́n fi yà á, kí ni wọ́n ti yọ kúrò nínú rẹ̀, ta ló ti kọ́kọ́ fọwọ́ kàn án. A gé àwọn lẹ́tà kan kúrú.

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olóòtú. Mo gba àwòrán Júpítà kan láti ojúewé JunoCam. Nígbà tí mo ṣí i, ègé gbọọrọ gbọọrọ aláwọ̀ eérú ni mo rí, ó tò léra wọn láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ṣé fáìlì náà ti bàjẹ́ ni? — Akẹ́kọ̀ọ́, Òkè-Báálẹ̀, Òṣogbo

Kò bàjẹ́. Bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn. Ọkọ̀ Juno, tó dé ọ̀dọ̀ Júpítà ní oṣù Keje ọdún 2016, ń yí lórí ara rẹ̀ nígbà méjì ní ìṣẹ́jú kan. Bó ṣe ń yí ni JunoCam, kámẹ́rà rẹ̀, ń ya ojú Júpítà ní ègégègé. Ègé kọ̀ọ̀kan fẹ̀ tó píksẹ́lì (àmì kékeré tó para pọ̀ di àwòrán) 1648, gíga rẹ̀ sì jẹ́ 128. Orí ojú kámẹ́rà gan-an ni wọ́n lẹ fíltà mọ́: búlúù, àwọ̀ ewé, pupa, àti ọ̀kan fún gáàsì mẹ́téènì. Nínú fáìlì tí ẹ gbà, ègé tó wà lókè pátápátá ni búlúù, èyí tó tẹ̀ lé e ni àwọ̀ ewé, ìkẹta ni pupa, lẹ́yìn náà ó tún padà sí búlúù. Fáìlì àlàyé tó bá a wá ní ìlà kan tí wọ́n kọ FILTER_NAME sí. Ẹ kà á kí ẹ tó ṣe ohunkóhun, torí àwòrán mẹ́téènì kò ní àwọ̀ mẹ́ta.

Ẹ ṣí i nínú GIMP, ètò kọ̀ǹpútà ọ̀fẹ́ tí a fi ń tún àwòrán ṣe, ẹ wo gíga rẹ̀, kí ẹ sì fi 384 (ègé mẹ́ta, 128 ní ọ̀kọ̀ọ̀kan) pín in. Iye tó jáde ni iye ìgbà tí kámẹ́rà yàwòrán. Ẹ wá ṣe àwòrán òfìfo mẹ́ta tó fẹ̀ tó 1648, ọ̀kan fún àwọ̀ kọ̀ọ̀kan, kí ẹ kó gbogbo ègé búlúù sínú èkíní, ti àwọ̀ ewé sínú èkejì, ti pupa sínú ẹ̀kẹta.

Ibí ni wàhálà ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ má tò wọ́n ní 128, 128. Láàárín ìgbà tí kámẹ́rà bá yà lẹ́ẹ̀kan sí ìgbà tó tún máa yà, ìṣẹ́jú àáyá 0.37 ló ń kọjá. Láàárín àsìkò yẹn, ọkọ̀ náà á ti yí ní dígírì mẹ́rin àti ààbọ̀ kù díẹ̀, èyí tó tó nǹkan bíi píksẹ́lì 115. Nítorí náà, ègé kìíní á bẹ̀rẹ̀ ní 0, ìkejì ní 115, ìkẹta ní 230, ìkẹrin ní 345, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Píksẹ́lì mẹ́tàlá ni yóò máa gun ara wọn. Ẹni tó bá tò wọ́n ní 128 á rí ìjì kan náà lẹ́ẹ̀mejì ní gbogbo ojú ìsopọ̀. Ohun tí ẹ ó fi dá àṣìṣe náà mọ̀ nìyẹn.

Nígbà tí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá ti délẹ̀, ẹ ó rí i pé wọn kò bára wọn mu. Lójú kámẹ́rà, fíltà kan jìnnà sí èkejì ní píksẹ́lì 155. Ẹ fi búlúù ṣe ìdúró, ẹ sún àwọ̀ ewé ní 155, ẹ sún pupa ní 310. Tí ẹ bá sún un sókè tí kò bá a mu, ẹ sún un sísàlẹ̀. Ẹ wá lọ sí Colors, Components, Compose, kí ẹ so mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀ sí RGB (pupa, àwọ̀ ewé, búlúù).

Ó ku ohun kan tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í mọ̀. Kí àwòrán tó kúrò lọ́dọ̀ Júpítà ni wọ́n ti fún ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ pọ̀ láti bíìtì 12 sí 8 (bíìtì ló ń sọ iye ipele ìmọ́lẹ̀ tí píksẹ́lì kan lè ní), lọ́nà tó sún mọ́ ìṣirò square root. Tí ẹ bá ń bá àwọ̀ jà lórí rẹ̀ bẹ́ẹ̀, kò ní jọ nǹkan kan. Ẹ gbé àwòrán náà sí bíìtì 16 ní Image, Precision. Ẹ ṣí Levels, kí ẹ gbé nọ́ńbà àárín sí 0.5; èyí á sọ 200 di nǹkan bíi 157, á sì sọ 100 di 39. Ìgbà yẹn ni kí ẹ wá ṣàtúnṣe àwọ̀ kọ̀ọ̀kan. Búlúù ló sábà máa ń rẹlẹ̀ jù, òun ni ẹ ó gbé sókè jù. Tó bá ti dára lójú yín, ẹ dá nọ́ńbà àárín náà padà sí 2.0.

Ọ̀nà yìí ń ṣiṣẹ́ dáadáa fún àwòrán tí Juno yà láti ọ̀nà jíjìn. Nígbà tó bá sún mọ́ Júpítà jù, ó ń sáré ju kìlómítà 200,000 lọ ní wákàtí kan, ibi tó dúró sí yà ègé kìíní yàtọ̀ pátápátá sí ibi tó ti ya ègé ìkẹẹ̀ẹ́dógún. Kò sí bí ẹ ṣe lè sún irú rẹ̀ tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kò ní ya. ISIS, ètò kọ̀ǹpútà ọ̀fẹ́ ti USGS, àti fáìlì SPICE tó ń sọ ibi tí ọkọ̀ náà wà ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan ni wọ́n fi ń ṣe é. Fún ìbẹ̀rẹ̀, ojúewé kan náà ní ẹ̀dà tí wọ́n ti tò tán, tí wọ́n pè ní map-projected. Ẹ fi ìyẹn kọ́ àwọ̀ ṣíṣe ná, kí ẹ tó wá bá ègé jà.

Ilé ìtẹ̀wé ni mo ní. Mo gba àwòrán Sátọ̀n mẹ́ta láti ọkọ̀ Cassini, RED, GRN àti BL1, mo so wọ́n pọ̀. Ó jọ ìgbà tí plate bá yẹ̀ lórí ẹ̀rọ: ẹ̀gbẹ́ kan pupa, ẹ̀gbẹ́ kejì búlúù. Àwọ̀ rẹ̀ náà kò sì rí bíi ti Sátọ̀n tí mo mọ̀. — Atẹ̀wé, Ọlá-Ìyá

Ìṣòro méjì lẹ kó pọ̀ yẹn. Ti plate tó yẹ̀ ló rọrùn. Orí kẹ̀kẹ́ tó ń yí ni fíltà Cassini wà, ó gbọ́dọ̀ ya pupa tán kó tó yí sí àwọ̀ ewé, ọkọ̀ àti òṣùpá tó ń yà kò sì dúró dè é. Ẹ fi Open as Layers kó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sínú GIMP. Ẹ fi layer (ìpele àwòrán) tó wà lókè sí Difference, kí ẹ máa fi bọ́tìnnì ọlọ́fà orí kíbọ́ọ̀dù sún un ní píksẹ́lì kọ̀ọ̀kan. Bí wọ́n bá ṣe ń bára wọn mu ni àwòrán á máa ṣókùnkùn. Ibi tó bá dúdú jù ni ẹ ó dúró sí. Ẹ dá a padà sí Normal, ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún ìkẹta, kí ẹ tó lo Compose. Tí òṣùpá kan bá wà níwájú Sátọ̀n, ẹ kò lè mú méjèèjì bára mu lẹ́ẹ̀kan náà. Sátọ̀n ni kí ẹ mú, kí ẹ gé òṣùpá náà sí ọ̀tọ̀, ẹ tò ó lọ́tọ̀, kí ẹ sì sọ ọ́ lábẹ́ àwòrán pé bẹ́ẹ̀ lẹ ṣe.

Ti àwọ̀ le díẹ̀. Fáìlì JPEG tí wọ́n ń gbé jáde kíákíá láyé Cassini (ó parí iṣẹ́ ní ọjọ́ 15 oṣù Kẹsàn-án 2017) ni kọ̀ǹpútà ti na ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ fúnra rẹ̀, oníkálùkù ní tirẹ̀. Pupa tó yẹ kó mọ́lẹ̀ ju búlúù lọ, wọ́n ti gbé méjèèjì dé ibì kan náà. Kò sí Levels tó lè dá ohun tó ti sọnù yẹn padà; ìmèfò ni àwọ̀ tó bá jáde níbẹ̀. Inú PDS, ibi ìkópamọ́ ìwádìí NASA, ni ẹ ti máa rí ojúlówó rẹ̀. Ẹ lo OPUS, ohun èlò ìwádìí wọn: ẹ yan Cassini ISS, ẹ yan ohun tí ẹ fẹ́ rí, kí ẹ mú ẹ̀dà tí wọ́n ti ṣe calibrate (tí wọ́n ti sọ nọ́ńbà rẹ̀ di ìwọ̀n ìmọ́lẹ̀ gidi), ìmọ́lẹ̀ ibẹ̀ ṣeé fi wéra. Orúkọ fáìlì á ràn yín lọ́wọ́ láti mọ àwọn mẹ́ta tó jọ rìn. N ni kámẹ́rà tó ń wo ọ̀nà jíjìn, W ni èyí tó ń wo ibi tó gbòòrò, nọ́ńbà tó tẹ̀ lé e sì jẹ́ aago ọkọ̀ náà ní ìṣẹ́jú àáyá. Bí ọ̀kan bá parí sí 123, tí èkejì parí sí 156, tí ìyókù bá jọra, ìṣẹ́jú àáyá 33 ló wà láàárín wọn.

Fáìlì .IMG ni wọn, GIMP kì í sì í ṣí i. IMG2PNG, tí Björn Jónsson kọ, ń sọ ọ́ di PNG oníbíìtì 16.

Mo mọ ìlò ImageJ, ètò ọ̀fẹ́ fún àyẹ̀wò àwòrán, mo sì fẹ́ ṣí .IMG náà fúnra mi láìlo ètò mìíràn. Gbogbo èyí tí mo ṣí ló fì sẹ́gbẹ̀ẹ́, tàbí kó kún fún àmì wẹ́wẹ́. — Ẹni tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe, Aléku­wodò

A fẹ́ràn irú ìbéèrè báyìí. Fáìlì .LBL tó bá .IMG rìn jẹ́ ọ̀rọ̀ lásán, Notepad á ṣí i. Ẹ wá LINES, LINE_SAMPLES, SAMPLE_BITS, SAMPLE_TYPE, RECORD_BYTES àti ^IMAGE. Nọ́ńbà tó wà níwájú ^IMAGE ni ẹ ó yọ 1 kúrò nínú rẹ̀, kí ẹ fi RECORD_BYTES sọ ọ́ di púpọ̀: iye yẹn ni offset, ìyẹn ibi tí àwòrán ti bẹ̀rẹ̀ nínú fáìlì. Ní ImageJ, ẹ lọ sí File, Import, Raw, kí ẹ kó wọn sí i.

Tó bá fì sẹ́gbẹ̀ẹ́, ìbú tí ẹ kọ kò tọ̀nà. Ti Cassini ní ẹ̀tàn kan: LINE_PREFIX_BYTES rẹ̀ jẹ́ 24, ìyẹn ni pé báìtì 24 tí kì í ṣe àwòrán ló ṣáájú ìlà kọ̀ọ̀kan. Nínú bíìtì 16, píksẹ́lì 12 nìyẹn. Ẹ kọ ìbú sí 1036 dípò 1024, kó wọlé tán, kí ẹ wá gé 12 àkọ́kọ́ kúrò lápá òsì. Tó bá sì kún fún àmì wẹ́wẹ́ bí ẹni da iyanrìn sí i, ètò báìtì ni ẹ ṣì mú. Tí SAMPLE_TYPE bá ní MSB, ẹ má fọwọ́ sí Little-endian. Tó bá jẹ́ LSB, ẹ fọwọ́ sí i.

Fóònù nìkan ni mo ní. Ṣé mo lè bá wọn ṣe nínú rẹ̀? — Òkè-Fìà

Bẹ́ẹ̀ ni, pẹ̀lú àwòrán Máàsì. Púpọ̀ nínú ti Perseverance, ọkọ̀ NASA tó wà ní Máàsì, ti ní àwọ̀, ìmọ́lẹ̀ àti àwọ̀ funfun nìkan ló kù láti tún ṣe, Snapseed tó o. Photopea náà ń ṣí nínú bráwúsà, ó sì ní layer. Ẹ yẹra fún fáìlì FITS ti James Webb, awò sánmà ńlá NASA, lórí fóònù. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ń jẹ ọgọ́rọ̀ọ̀rún mẹ́gábáìtì, owó dátà yín á sì lọ lásán. Tí ẹ bá fẹ́ fi àwòrán ránṣẹ́ síra yín lórí WhatsApp, ẹ fi í ránṣẹ́ bíi document. Bí ẹ bá fi í ránṣẹ́ bíi fọ́tò, WhatsApp á fún un pọ̀, ẹni tó gbà á kò sì ní rí ohun tí ẹ rí.

Àwòrán Máàsì kan tí mo fẹ́ fi kọ́ àwọn ọmọ ní kíláàsì kò ní àwọ̀, mo sì rí i pé tí mo bá fà á tóbi, àmì kéékèèké onígun mẹ́rin ló kún inú rẹ̀. — Olùkọ́ sáyẹ́ǹsì, Ìgbọ̀nà

Àwòrán Bayer nìyẹn, àwọ̀ wà nínú rẹ̀. Nínú píksẹ́lì mẹ́rin-mẹ́rin tó para pọ̀ (méjì lókè, méjì nísàlẹ̀), ọ̀kan rí pupa, méjì rí àwọ̀ ewé, ọ̀kan rí búlúù. Ètò kọ̀ǹpútà ni yóò fọ̀rọ̀ wá ìyókù lẹ́nu àwọn aládùúgbò wọn. Pẹ̀lú èdè kọ̀ǹpútà Python àti OpenCV, àkójọ irinṣẹ́ àwòrán rẹ̀, ìlà mẹ́ta tó:

a = cv2.imread("maasi.png", 0)
b = cv2.cvtColor(a, cv2.COLOR_BayerBG2BGR)
cv2.imwrite("awo.png", b)

Bẹ́ẹ̀ ni, BG la kọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé RGGB (pupa, ewé, ewé, búlúù) ni ètò píksẹ́lì kámẹ́rà náà. OpenCV ń ka orúkọ náà láti ibòmíràn, ó sì ti da ọ̀pọ̀ ènìyàn láàmú. Tí ẹ bá lo RG, pupa àti búlúù á gba ipò ara wọn, àpáta á di aláwọ̀ aró. (Ẹ má fi ojú ọ̀run nìkan ṣe ìdájọ́ o: nígbà tí oòrùn bá ń wọ̀ ní Máàsì, àyíká rẹ̀ máa ń ní àwọ̀ búlúù lóòótọ́.)

Ẹ kò gbọ́dọ̀ dín àwòrán náà kù, yí i, tàbí fi í pamọ́ sí JPEG kí ẹ tó ṣe iṣẹ́ yìí. Ọ̀kan péré nínú wọn tó láti da àwọn mẹ́rin-mẹ́rin náà rú. Tí ẹ kò bá sì nílò àwọ̀, ẹ dín in kù sí ìdajì. Àmì onígun mẹ́rin náà á lọ, àwòrán dúdú-òun-funfun tó mọ́ lẹ ó rí.

Fún kíláàsì yín: nọ́ńbà tó tẹ̀ lé àmì _ àkọ́kọ́ nínú orúkọ fáìlì Perseverance ni ọjọ́ Máàsì tí wọ́n yà á, tí wọ́n ń kà láti ọjọ́ 18 oṣù Kejì 2021 tó balẹ̀. ZL ni ojú òsì Mastcam-Z, kámẹ́rà olójú méjì rẹ̀, ZR ni ojú ọ̀tún. Ẹ mú L àti R tí wọ́n yà lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ fi L sí pupa, ẹ fi R sí àwọ̀ ewé àti búlúù, àwọn ọmọ á fi gíláàsì pupa-òun-búlúù rí i bíi pé wọ́n lè fọwọ́ kan àpáta.

Áàpù kan wà tó ń fi AI mú kí àwòrán mọ́ kedere. Mo lò ó lórí Io, òṣùpá Júpítà kan, ó dára gan-an. Ṣé ó burú ni? — Gbódòfọ̀n

A kò fọwọ́ sí i. Ohun tí áàpù náà ti rí rí lórí ayé ló ń yá kún àwòrán yín. Òkè iná tí ẹ rí níbẹ̀ lè má sí. Unsharp Mask inú GIMP, kí Radius wà láàárín 1 sí 2, kí Amount má ju 0.5 lọ, ti tó. Tí òrùka funfun bá yọ ní etí Io, ó ti pọ̀ jù. Ní ti àmì funfun tín-ín-tìn-ìn-tín tó kún àwọn àwòrán Juno tó pẹ́ sí i, ìtànṣán Júpítà ló ń ba ojú kámẹ́rà jẹ́. Ẹ pa wọ́n rẹ́ kí ẹ tó mú àwòrán mọ́ kedere, torí bí ẹ bá ṣe é lẹ́yìn, wọ́n á ti di ńlá.

Ṣé mo lè ṣe ti Òṣogbo fúnra rẹ̀? Mo gba ti sátẹ́láìtì Sentinel-2, àmọ́ dúdú ni gbogbo rẹ̀. — Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun

Ó ṣeé ṣe, òun gan-an la máa ń gba ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀ níyànjú pé kó kọ́kọ́ ṣe, torí ẹ mọ ibẹ̀, ẹ ó sì tètè mọ̀ tí àwọ̀ bá ṣì. Orí Copernicus Browser, ojúewé tí wọ́n ń kó àwòrán rẹ̀ sí, ẹ gba B02 (búlúù), B03 (àwọ̀ ewé), B04 (pupa) àti B08 (ìmọ́lẹ̀ tí ojú wa kì í rí). Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jẹ́ mítà mẹ́wàá fún píksẹ́lì kan.

Ó dúdú nítorí pé bíìtì 16 ni, nọ́ńbà ibẹ̀ lè dé 65,535, ṣùgbọ́n 10,000 ló dúró fún ohun tó dá gbogbo ìmọ́lẹ̀ padà. Ilẹ̀ àti ewé kì í sábà kọjá 3,000. Láti oṣù Kìíní 2022, wọ́n tún ń fi 1,000 kún nọ́ńbà gbogbo, nítorí náà ẹ yọ ọ́ kúrò, pàápàá tí ẹ bá fẹ́ fi àwòrán 2021 wé ti 2023; bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ ó rò pé ìlú náà ṣàdédé mọ́lẹ̀ sí i. Nínú Levels, ẹ fa apá funfun wá sí nǹkan bíi ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún, ìlú á yọ.

Ẹ wá fi B08 sí ipò pupa, B04 sí ipò àwọ̀ ewé, B03 sí ipò búlúù. Ewé tútù á di pupa rokoṣo, páànù á di eérú. Igbó Ọ̀ṣun, tí UNESCO kà mọ́ ogún àgbáyé ní 2005, jẹ́ hẹ́kítà 75, ìyẹn píksẹ́lì 7,500. Ẹ ó rí i bó ṣe dá yàtọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé. Odò náà fúnra rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, igi sì bò ó, ẹ má retí pé ẹ ó rí omi rẹ̀ ní gbogbo ibi. Ìkùukùu ni ọ̀tá yín lásìkò òjò, eruku ọyẹ́ lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn. Ẹ fi iye ìkùukùu sí ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún nígbà tí ẹ bá ń wá a.

Mo ń kọ ètò kọ̀ǹpútà. Kí ni mo lè kọ́ tó máa mú iṣẹ́ yìí rọrùn fún ará ìlú? — Dàdá Estate

Ẹ má kọ GIMP mìíràn. Ohun tó ń jẹ àkókò ṣáájú GIMP ni: wíwá fáìlì mẹ́ta tó jọ rìn, kíka àlàyé wọn, títò wọn. Ètò kékeré tó ń ka .LBL tàbí .xml, tó ń fi aago ọkọ̀ kó pupa, àwọ̀ ewé àti búlúù tó sún mọ́ra pọ̀, tó sì gbé wọn jáde ní PNG oníbíìtì 16 pẹ̀lú orúkọ fíltà nínú orúkọ fáìlì, yóò ṣe ará ìlú lóore ju bọ́tìnnì ẹlẹ́wà ogún lọ. Kó má na ìmọ́lẹ̀ ọ̀kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀. Nọ́ńbà kan náà ni kó fi na mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Kó sì fi fáìlì kékeré kan sílẹ̀ tó sọ gbogbo ohun tó ṣe.

Mo fẹ́ tẹ àwòrán Júpítà tí mo ṣe sára aṣọ, kí n tà á lásìkò ọdún Ọ̀ṣun lóṣù Kẹjọ. Ṣé wọn ò ní mú mi? — Ayétòrò

Ẹ lè tà á. Àwòrán NASA kì í sábà ní kópíráìtì, ṣùgbọ́n ẹ má fi àmì NASA sára aṣọ náà, ẹ má sì sọ pé wọ́n fọwọ́ sí ọjà yín. Ẹ kọ NASA/JPL-Caltech/SwRI/MSSS, kí orúkọ yín tẹ̀ lé e bí ẹni tó tún un ṣe. Ti kámẹ́rà NavCam ọkọ̀ Rosetta yàtọ̀: ESA, àjọ sánmà Yúróòpù, fi í sábẹ́ ìwé àṣẹ CC BY-SA, ìyẹn ni pé ẹ gbọ́dọ̀ dárúkọ wọn, ẹni tó bá sì fẹ́ tún èyí tí ẹ ṣe lò ní ẹ̀tọ́ kan náà tí ẹ ní. Ti Sentinel-2, ẹ kọ «Contains modified Copernicus Sentinel data» àti ọdún tí wọ́n yà á sí ibi tó hàn.